Igi Tó Tẹ̀ Sí Yàrá Ìyá

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹrin

Òjò àná kì í ṣe òjò, ìjà ni. Atẹ́gùn ya ẹ̀ka ńlá kan lára igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó dà á lé okùn tí mo sá aṣọ tí mo rán fún oníbàárà sí. Aṣọ ìgbéyàwó funfun kan wà níbẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ títí lónìí, àbàwọ́n oje igi náà kò lọ. Oje máńgòrò, bó bá ti mọ́ aṣọ, ó ti di ẹbí rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ kọ. Igi náà gan-an ti tẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ọ̀kánkán yàrá Ìyá bí ẹni tó fẹ́ yọjú lójú fèrèsé, àmọ́ láti àná ni ilẹ̀ ti wú ní ìdí rẹ̀ lápá kejì, gbòǹgbò sì ń hàn. Mo pe ọkọ mi wá wò ó. Ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo bi Ìyá bóyá ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní àwọn gbọ́ tó dún gbàà, àwọn rò pé èmi ni mo fìbínú ti ilẹ̀kùn. Ìyá ọkọ mi nìyẹn. Bí ayé bá ń bàjẹ́ lọ, ìyàwó ló fà á.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹrin

Mo ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Agégi láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dé lọ́sàn-án, òun àti ọkùnrin kan tó gbé okùn kọ́ èjìká. Kò kọ́kọ́ wo ìdí igi. Òkè ló ń wò, ó ń yí i po, orí rẹ̀ gbé sẹ́yìn títí mo fi rò pé ọrùn á máa dùn ún. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ẹ̀yìn àdá kan ìdí igi náà káàkiri, ó ń fetí sí i. Níbì kan ó dún bí igi, níbì kan ó dún bí àpótí òfìfo. Ó ní inú rẹ̀ ti jẹrà lápá ilé, ìwọ̀nba igi ẹ̀gbẹ́ kan àti èèpo ló gbé e dúró. Kò ṣeé gé wó lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè ni wọ́n á ti máa gé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi okùn sọ èyí tí wọ́n bá gé kalẹ̀. Iṣẹ́ èèyàn márùn-ún ni. Ó ní títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má sùn sí yàrá yẹn.

Ó wá dárúkọ owó. Ọkọ mi ti dé láti ibi iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ wo lẹ rò pé mò ń ṣe?"

"Wọ́n ní káfíńtà ni yín."

"Igi ni mo fi ń jẹun láti kékeré. Igi wo ni mi ò tíì gé rí?"

Agégi náà ń ká okùn rẹ̀, kò gbójú sókè. "Pákó lẹ̀ ń gé, Ọ̀gá. Ẹni tó gé igi yẹn ti ru ewu rẹ̀ kúrò kó tó dé ọwọ́ yín."

Kò fi ṣe àfojúdi, àmọ́ mo rí ojú ọkọ mi. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ọ̀rọ̀ igi ti kúrò ní ọ̀rọ̀ igi.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹrin

Mo ní kí a fi àjọ mi kún un. Ó ní owó kọ́ ni.

"Ṣé kí àwọn oníbàárà mi máa kọjá lójú ọ̀nà, kí wọ́n máa wo àwọn ará ìta tó ń bá káfíńtà gé igi ilé ẹ̀? Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo ní kó sọ fún wọn pé ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó ní èkù ọ̀bẹ wà lára ohun tí òun ń gbẹ́ tà. Ó bọ́ síta, ó lọ bá pákó rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ti rí èsì tó dùn fún ìyàwó rẹ̀ báyìí, kò tún ní gbọ́ nǹkan mìíràn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹrin

Ìyá kọ̀, wọn ò kúrò ní yàrá. "Ọkọ mi ló gbin igi yẹn. Kò jẹ́ gbin ohun tó máa pa mí."

Adúmáadán wá. Àbúrò ọkọ mi ni, àbíkẹ́yìn Ìyá, ọjọ́ tí mo wọlé yìí ni mo ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí dúdú rẹ̀ tó ń dán. Ó bá mi sún bẹ́ẹ̀dì Ìyá kúrò lẹ́bàá fèrèsé lọ sí ògiri òdì kejì, Ìyá sì ń bú wa bí a ṣe ń sún un. Ó ti fẹ́ di aago mẹ́wàá nígbà náà, àwọn oníbàárà á sì ti tò sílẹ̀ dè é. Ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀ wà ní oríta, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ọmọdé ń sùn lọ bó bá ń gẹrun fún wọn. Àwọn àgbàlagbà náà ń sùn.

Bó ṣe fẹ́ máa lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé kó wá bá òun di okùn mú lọ́jọ́ tí òun bá fẹ́ gé igi. Adúmáadán wò mí, ó wo igi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rò pé ká pe àwọn tó ń ṣe é? Ọwọ́ yìí ni mò ń tà o."

"Ṣé ìwọ náà ti di ẹbí ìyàwó mi ni?"

Adúmáadán rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ tó bá yá kí wọ́n pe òun. Kò kọ nǹkan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló sanwó iṣẹ́ tó kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì sọ fún ọkọ mi bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹrin

Òjò. Páànù òrùlé ti gbówó lórí lọ́jà. Ìyá ti jẹ́ kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì padà sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ní ooru ń mú àwọn lọ́hùn-ún.

Ẹtì, 24 Oṣù Kẹrin

Ọkọ mi gbé ẹ̀rọ ìgégi dé. Ó yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń la pákó ni. Gbogbo ilé ń rùn fún pẹtiróòlù, aṣọ tí mò ń rán náà ń rùn. Ó fi gé ìtì igi kan wò, ó ń gé e bí ẹni ń gé ọṣẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó wọ ìbọ̀wọ́, kó wá nǹkan bo ojú. Ó ní ojú náà ni òun á fi rí ohun tí òun ń gé.

Àìkú, 26 Oṣù Kẹrin

N ó kọ òótọ́, bó tilẹ̀ ta mí lẹ́nu. Ó lọ dáadáa. Òun àti Adúmáadán gbé àkàbà ti igi náà lápá ọ̀nà, níbi tó rọrùn, tó jìnnà sí ilé. Wọ́n gé ẹ̀ka lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ba nǹkan kan jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wọ yàrá ìránṣọ mi, mo lè fi okùn bọ abẹ́rẹ́ láìsí pé mo gbé e lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí i ní Ọ̀gá Igi. Mo jẹ́wọ́ fún un pé iṣẹ́ náà dára. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí n lè tún un sọ, mo sì tún un sọ.

Àbàwọ́n aṣọ ìgbéyàwó náà ti lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn ni.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kẹrin

Ọ̀gá Agégi ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa. Mo jáde sí i.

"Ìyá Télọ̀, ta ló gé àwọn ẹ̀ka apá ọ̀nà yìí?"

Mo ní ọkọ mi ni. Ó gbójú sókè wo ibi tí wọ́n ti gé wọn.

"Àwọn yẹn ló ń fà á sẹ́yìn. Gbogbo ẹrù tó kù lórí ẹ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ Ìyá ló kọjú sí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má fọwọ́ kan ìdí ẹ̀."

Kò bèèrè iṣẹ́. Ó kí mi, ó lọ.

Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi bó ṣe ń jẹun. Ó jẹun tán kó tó dìde. Ó mú òjé tó fi ń wọn ògiri, ó so ó kọ́ ìṣó kan lára igi náà, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó ní ìtẹ̀sí rẹ̀ kò ju ti ògiri tí bíríkìlà ọ̀mùtí mọ lọ. Bí okùn bá ti ń fà á láti apá kejì, àárín kànga àti ọgbà ló máa sùn sí. Ó mú ẹfun, ó fa ìlà sílẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe máa ń fà á sórí pákó. Ìlà náà gún régé. Òjé mọ bí nǹkan ṣe tẹ̀ sí, kò mọ bó ṣe wúwo tó. Èyí ni mo fẹ́ sọ fún un, àmọ́ mi ò rí i sọ bí mo ṣe rí i kọ báyìí.

Ẹtì, 1 Oṣù Karùn-ún

Mo ní kó dúró kí ilẹ̀ gbẹ. Ó ní ọ̀la ni.

Àìkú, 3 Oṣù Karùn-ún

Àná ni. Bí mi ò bá kọ ọ́ lónìí, àwọn aládùúgbò á ti tún un tò fún mi kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo fipá mú Ìyá wá sí yàrá ìránṣọ. Wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ mi, wọ́n ń bínú. Ọkọ mi ti so okùn mọ́ òkè igi, ó gbé e gba ara òpó irin tó di igun ọgbà mú, Adúmáadán sì di òpin rẹ̀ mú. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, okùn náà ń yọ̀. Mo rí Adúmáadán tó wé e mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kó má baà bọ́. Ó tún un wé. Ó fẹ́ di ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un mú dáadáa ni.

Ọkọ mi tan ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bó ṣe ń gé pákó lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, igi náà fún ẹ̀rọ mọ́, kò wọlé, kò jáde. Ó ń fà á. Ìgbà náà ni igi dún. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ó dún bí aṣọ tuntun tí èèyàn fọwọ́ ya. Ó là láti ìdí lọ sókè, ó yí po lórí ibi tó ti jẹrà, ó kọ orí sí yàrá Ìyá. Kò tilẹ̀ wo ìlà ẹfun.

Okùn fa Adúmáadán lọ gbá òpó. Ọwọ́ rẹ̀ há sáàárín okùn àti irin, igi sì gbára lé òrùlé láìwó tán, okùn yẹn ló ń dá a dúró. Adúmáadán kò ké. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi."

Ọkọ mi ń wá ọ̀bẹ. Ó ń yí po lójú kan náà, àdá wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò rí i. Èmi ni mo sáré mú àlùmọ́gàjí ńlá tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi gé okùn náà. Bí mo ṣe gé e ni igi tún rọ̀ wálẹ̀, páànù ya, àjà wó. A gbé Adúmáadán lọ sí ọsibítù nínú ọkọ̀ ẹni tó ń gbé yanrìn. Ọkọ mi fi ẹ̀wù ara rẹ̀ wé ọwọ́ náà, ó gbé e sáyà láti ilé dé ọ̀hún.

Nígbà tí mo padà dé, mo wo yàrá Ìyá láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀ka kan ti gba òrùlé wọlé, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ìrọ̀rí wà. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún Ìyá pé páànù ló ya.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti yọ ìka mẹ́ta. Ó ku àtàńpàkò àti èyí tó tẹ̀ lé e, dókítà ò sì lè ṣèlérí pé ìyẹn á máa tẹ̀. Adúmáadán gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún.

"Ìyàwó wa, ta ló ń bá mi wo ṣọ́ọ̀bù?"

Mo ní mo ti tì í pa, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti àná ló ti wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò wọlé. Mo jáde lọ sọ fún un pé wọ́n ń pè é. Ó ní òun ń bọ̀. Mo kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò tíì wọlé.

Oògùn wọ́n o. Mo ra èyí tí mo lè rà.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Karùn-ún

Igi náà ṣì wà níbẹ̀, ìdajì lórí òrùlé, ìdajì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó là. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ó ń han. Ìyá ń sùn láàárín aṣọ oníbàárà nínú yàrá mi.

Mo dé láti ọsibítù, mo bá ọkọ mi tó ti gbé àkàbà jáde. Ó ti yọ ẹ̀rọ náà lẹ́nu igi. Ó ní òun fẹ́ gòkè lọ parí rẹ̀, òun kò lè máa wò ó. Mo lọ di ẹ̀rọ náà mú.

"Ẹ wò mí. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ sí i. Bí ẹ bá gun ibẹ̀ lọ, èmi ni mo máa lọ sọ fún Ìyá. Ẹ kọ́ mi ní ohun tí màá sọ."

Ó jókòó sórí ẹsẹ̀ àkàbà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Mo gé e bí mo ṣe ń gé igi ni."

Mo ní mo mọ̀.

Mo ru ẹ̀rọ náà, mo dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Inú ń bí mi sí i lójú ọ̀nà, gbogbo ọ̀nà ni inú ń bí mi, mo sì ń sunkún. Àwọn tó pàdé mi á rò pé ẹrù ló wúwo.

Ẹtì, 8 Oṣù Karùn-ún

Mo lọ bá Ọ̀gá Agégi nílé rẹ̀. Ó kọ̀.

"Igi tó dúró, a lè bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó gbára lé nǹkan yìí, òun ló ń pa agégi."

Mo jókòó, mi ò dìde. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi. Ọ̀gá wá ní òun á bi àwọn èèyàn òun, torí ara wọn ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Nígbà tó yá ó padà dé, ó ní wọ́n gbà, ṣùgbọ́n kí ará ilé kankan má bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, owó rẹ̀ á sì ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Mo ní iye tó bá jẹ́ ni kí wọ́n sọ. Mo ti mọ ẹni tó máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì.

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n dé ní kùtùkùtù. Akoto lórí, okùn nídìí. Wọn kò tan ẹ̀rọ kankan títí oòrùn fi là. Wọ́n kàn ń wò ó, wọ́n ń fìka tọ́ka, wọ́n ń bára wọn jiyàn lóhùn kékeré. Wọ́n so igi náà mọ́ nǹkan mẹ́ta kí ẹnì kan tó gun òkè.

Ọ̀kan nínú wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, kò gbé nǹkan kan. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Mo béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gá láti ojú fèrèsé bóyá ó rẹ ìyẹn ni. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wò. Àwọn tó ń gé kò lè rí ohun tó wà lókè orí wọn. Kò pẹ́ sí i, ó fọn fèrè náà, gbogbo wọn dúró gbọnin. Ẹ̀ka kan tí mi ò tilẹ̀ kíyè sí ti yẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tú okùn, wọ́n tún un so. Wákàtí kan lọ sórí ìyẹn nìkan.

Ìyá wò ó láti ojú fèrèsé mi títí. Nígbà tí wọ́n sọ ẹ̀ka tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, tí wọ́n gbé e gba iwájú wa kọjá, Ìyá rí ìrọ̀rí wọn tó lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn kò bú mi pé mo purọ́. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ igi ti wà nílẹ̀. Ọkọ mi jáde, ó dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí. Ó bi agégi náà léèrè pé kí ni òun ìbá ṣe. Ọ̀gá mú un lọ sí ìdí igi tó kù, ó fi ọwọ́ hàn án: ibí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé ojú fún un, bí ẹnu tó là, lápá ibi tí wọ́n fẹ́ kó wó sí, kó lè mọ ọ̀nà. Ó tún fi inú igi náà hàn án, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká, erùpẹ̀ dúdú àti èèrà ló kó jáde.

"Èyí tí inú ẹ̀ rí báyìí, ká gé ojú fún un gan-an, a ò lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ti òkè gé e." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. "Báwo ni ọwọ́ àbúrò?"

Ọkọ mi ní ó wà níbẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò ní ẹni tó ń rántí," ni ọkùnrin náà wí. Ó kó okùn rẹ̀.

Àìkú, 24 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ti dá Adúmáadán sílẹ̀. Ó ní òun kò ní wá sílé wa, yàrá òun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó òun. Mo gbé oúnjẹ lọ. Ọkọ mi tẹ̀ lé mi dé oríta, ó rántí pé òun ní nǹkan láti ṣe, ó padà. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá pẹ̀lú.

Kò fọwọ́ kan pákó láti ọjọ́ náà. Ẹni tó ń retí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wá bínú níbí. Wọ́n ti tún òrùlé Ìyá ṣe, káfíńtà mìíràn ló ṣe é. Ọkọ mi wà nínú ilé nígbà tí onítọ̀hún ń kan ìṣó, kò yọjú.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹfà

Ìyá pe ọkọ mi sí yàrá wọn. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́.

"O ti lọ kí àbúrò rẹ?"

"Mò ń lọ, Ìyá."

"Mò ń lọ, mò ń lọ. Kí ló ń dá ẹ dúró?"

"Kí ni kí n gbé lọ? Kí ni kí n mú lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí mo gba ọwọ́ ẹ̀?"

Nígbà tí Ìyá dáhùn, ohùn wọn kò le rárá. "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo bí. Mi ò bí igi. Igi ti lọ. Bí ìwọ náà bá tún lọ, ta ni n óò máa pè?"

Ó jáde kọjá lára mi. Ó lọ jókòó sórí kùkùté igi náà títí ó fi ṣú.

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹfà

Mo bá Adúmáadán tó ń fá àgbọn. Ó fi orúnkún méjèèjì há a mọ́, ó mú abẹ lọ́wọ́ òsì, ó ń fá irun àgbọn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, a wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní lóru ìka tí kò sí mọ́ ló ń dun òun jù. Ó ní oníbàárà kan wá lánàá, ó kí òun, ó rí ọwọ́ òun, oníbàárà náà bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun níbòmíràn ni. Irun kún orí ọkùnrin náà bí igbó.

"Inú ń bí mi sí Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. "Mo fẹ́ kí wọ́n wá kí n lè bínú sí wọn. Wọn ò wá. Ẹni tí ò sí níbẹ̀, báwo lèèyàn ṣe ń bínú sí i?"

Mo sọ fún ọkọ mi gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò yọ iyọ̀ kúrò.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹfà

Ọkọ mi lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ, mi ò sì béèrè. Ó jẹun tán, ó sì sọ pé ebi ṣì ń pa òun.

Àìkú, 21 Oṣù Kẹfà

Kò sí òjò lónìí. Mò ń lọ aṣọ nígbà tí Adúmáadán wọlé, àpò iṣẹ́ rẹ̀ wà lápá. Ó kí Ìyá, ó kí mi. Ó wo ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé àga wá síta."

Ọkọ mi gbé àga wá.

"Ẹ jókòó."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Iṣẹ́ mi. Àgbọn ò lè sọ fún mi bó bá ń dùn ún. Orí ẹlòmíì, mi ò lè fi kọ́ ọ. Tiyín ni."

Ọkọ mi jókòó. Adúmáadán fi aṣọ bò ó lọ́rùn, eyín ló fi fa okùn rẹ̀ le. Ó fi ìka méjì tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún ti orí náà síwájú, ó mú kílípà lọ́wọ́ òsì. Kílípà náà ń gbọ̀n. Ó gbé e kalẹ̀, ó mí, ó tún gbé e. Ọkọ mi la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, orí yín ń mì."

Ó dákẹ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ inú irun tó bọ́ sórí aṣọ, kò gbé ọwọ́ nù ún, torí àbúrò rẹ̀ ní kó má mira. Nígbà tó fi abẹ tún ẹ̀gbẹ́ ṣe, ó gé e lẹ́bàá etí. Ẹ̀jẹ̀ jáde díẹ̀, mo gbé òwú wá. Ó pẹ́ ju ìgẹrun kankan tí mo ti rí lọ. Nígbà tó parí, orí náà rí bí ilẹ̀ tí ewúrẹ́ wọ̀ lọ jẹ koríko, apá kan wà, apá kan kò sí. Adúmáadán dúró síwájú rẹ̀, ó wò ó.

"Kò dáa, Ẹ̀gbọ́n."

"Kò dáa," ni Ìyá wí láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Ọkọ mi gba dígí lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. "Ìgbà wo ni kí n tún wá?"

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kẹfà

Ọkọ mi padà síbi iṣẹ́ lónìí. Mo mú fìlà fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n gbé e padà sínú ilé. Ó jáde sí títì pẹ̀lú orí yẹn bó ṣe rí, ó rọra ń rìn, ó ń kí gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń ta bàtà níwájú wa rẹ́rìn-ín títí, ó ní káfíńtà, ta ló ṣe ọ́ báyìí.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí, ó ga tó kí wọ́n gbọ́ ọ dé oríta. Ó ní, "Àbúrò mi ni. Ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù."